Dọ́gba àti Ọpọ́n Ìwẹ̀ Onílẹ̀kùn

Dọ́gba ni gbogbo àwọn oníṣẹ́ ilé ń pè é, torí pé kò sí táìlì tí yóò tẹ́ sílẹ̀ tí kò ní forí balẹ̀ wò, kó di ojú kan, kó wá bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ó dọ́gba?" Bí kò bá dọ́gba, yóò ṣí i, ì báà jẹ́ pé sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ ti ń gan. Àwọn bíríkìlà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Dọ́gba bá rí ibojì tó wọ́, yóò ní kí òkú dìde ná kí òun tún un tẹ́. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, balùwẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù, torí pé balùwẹ̀ ni ibi tí omi ti ń tú àṣírí oníṣẹ́ tó bá ṣe é ní ìṣekúṣe.

Ọjọ́ tó ṣubú, ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kan tí wọn ò tíì parí ló wà, ó ń fẹ̀yìn rìn kó lè wo iṣẹ́ rẹ̀ láti òkèèrè, bó ṣe máa ń ṣe. Ibi tó gbẹ́sẹ̀ lé kẹ́yìn, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Ojú ihò àtẹ̀gùn ni, wọn ò tíì ṣe irin sí i.

Nígbà tó lajú ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ fún un pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́, pé láti ìdí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kò ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Ó dá dókítà lóhùn pé òun ti gbọ́. Àwọn ẹbí dé, wọ́n sunkún, wọ́n fọwọ́ lérí. Òun ń wo ilẹ̀ yàrá náà, ó rí i pé táìlì kẹrin láti ẹnu ọ̀nà fi díẹ̀ ga ju èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ní akọni ni, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ le. Ó kàn dà bí ẹni pé ohun tó pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró ní ìdí, ó ń gòkè bọ̀ títí ó fi dé àyà. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn sọ́nà wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò wá mọ́. Dọ́gba gbìyànjú láti bínú sí i. Ó wá ìbínú náà títí, kò rí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, onígbàjámọ̀ ni. Ọjọ́ Ajé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í ṣí, ọjọ́ náà ló sì yà sọ́tọ̀ fún wíwẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, Dọ́gba á fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀ níbi tí ọwọ́ bá dé. Ṣùgbọ́n bó bá ti di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n á dé, á gbé omi kaná, á ká apá mọ́ ọn láyà láti ẹ̀yìn, á ní, "Ó yá," á sì gbé e kúrò lórí àga onítáyà bọ́ sórí àga ike tó wà ní balùwẹ̀. Dọ́gba kì í ṣe èèyàn fúyẹ́fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á mú kànìnkànìn, á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ṣọ́ọ̀bù. Á sọ ti bàbá kan tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan irun iwájú òun, nígbà tó jẹ́ pé irun iwájú náà ti re tán tipẹ́. Á sọ ti tíṣà tó máa ń sùn lórí àga tí yóò sì máa pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú oorun. Láti orí dé ẹsẹ̀, kò ní dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni aṣọ tó fi ń bo ìhòòhò àbúrò rẹ̀. Dọ́gba mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́ rí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí.

Ní ọdún kẹrin náà ni obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ẹnjiníà ni, ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe táńkì omi kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ tó lọ gba gáréèjì ńlá kan fún iṣẹ́ tara rẹ̀. Dọ́gba ló tẹ́ táìlì balùwẹ̀ ìyá rẹ̀ nígbà kan, ó sì ń wá a kó wá bá òun tẹ́ ilẹ̀ ibi iṣẹ́ tuntun yìí. Nígbà tí Dọ́gba yí táyà wá ṣílẹ̀kùn fún un, obìnrin náà gbàgbé ohun tó ń bọ̀ wá sọ. Ó jókòó, ó mu omi, ọ̀rọ̀ wá ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọpọ́n ìwẹ̀ lòun ń ṣe, ọpọ́n onílẹ̀kùn, fún àwọn tí orúnkún tàbí ẹsẹ̀ wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè fẹsẹ̀ dá etí ọpọ́n kọjá. Ó bẹ̀ ẹ́ pé bí kò bá ní bínú, kó wá bá òun wo ọ̀kan tí òun ti ṣe. Dọ́gba ní òun ò bínú. Òótọ́ ló sọ.

Ọpọ́n náà funfun báláú. Fáíbà tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àga nínú. Èèyàn á wọlé, á jókòó, á ti ilẹ̀kùn, rọ́bà etí rẹ̀ á dí i pinpin, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣí omi. Dọ́gba yí táyà ká a lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọn ibí, ó wọn ọ̀hún.

"Ta lẹ ṣe é fún?" ó bèèrè.

"Ẹni tí kò lè gbẹ́sẹ̀ sókè."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ṣe ìloro sí i?"

Ẹnjiníà wolẹ̀. Ìloro náà, etí ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà ọpọ́n, ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Dọ́gba ò dúró. Ó ní àga inú ọpọ́n náà rẹlẹ̀ ju àga onítáyà lọ, wíwọlé á rọrùn bí omi tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fa èèyàn gòkè bọ̀? Ó ní ilẹ̀kùn náà, inú ló ń ṣí sí: bí ẹni tó ń wẹ̀ bá dákú tó sì wó lu ilẹ̀kùn, báwo ni wọn yóò ṣe yọ ọ́? Ẹnjiníà ṣàlàyé pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, pé bó bá ń ṣí sínú, omi fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í pa. Dọ́gba ní kó jẹ́ kó máa ṣí síta, kó wá wá irin tó lágbára tí yóò dì í mú. Gbogbo rẹ̀ ló sọ ní ohùn kan náà, bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ títí bébà fi kún. Ó wá ní kí Dọ́gba wá máa bá òun ṣiṣẹ́.

"Iṣẹ́ wo lèmi lè ṣe?"

"Ẹ ó máa jókòó sínú rẹ̀, ẹ ó máa sọ ohun tí kò dára fún mi."

Dọ́gba ní bó bá jẹ́ ti ìjókòó, òun ti di ọ̀gá nídìí ẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ń rùn bí ọ̀dà tuntun, erùpẹ̀ fáíbà sì máa ń yún èèyàn lọ́rùn. Ó ń wọ inú ọpọ́n, ó ń jáde, ó ń wọlé, ó ń jáde, pẹ̀lú ṣòkòtò lára, láìsí omi. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọwọ́ òun dé àti ibi tí kò dé. Wọ́n gé ìloro náà títí ó fi tinrin bí etí àwo. Wọ́n gbé àga ga. Wọ́n yí ilẹ̀kùn padà. Irin ìdìmú tí Ẹnjiníà fi sọ́wọ́ ọ̀tún, Dọ́gba ní kó fi sọ́wọ́ òsì náà, torí pé àìsàn kì í bi èèyàn pé ọwọ́ wo lo fẹ́ kí n fi sílẹ̀ fún ọ.

Ìyá kan tún wà tó ń bá wọn dán an wò, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wú. Ìyá yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó wọnú ọpọ́n tomi-tomi lọ́jọ́ kan, ó wẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kí omi fà lọ. Ó jókòó. Omi ń fà. Ó ṣáà jókòó. Bí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn kí omi tó tán nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ya sílẹ̀, omi náà ò sì kánjú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kọjá kó tó jáde, ó ti ń gbọ̀n. Ó dì mọ́ inú tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó wo Ẹnjiníà.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kan tí mo fi sílẹ̀ ní ìhòòhò nínú òtútù báyìí."

Ẹnjiníà tọrọ àforíjì, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ihò omi ti di méjì, ó sì fẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni omi fi ń tán. Agbẹ̀bí ní mẹ́rin náà pọ̀, ṣùgbọ́n òun ti rí ohun tó burú jù ú lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dọ́gba fúnra rẹ̀, oṣù kẹfà tó ti ń bá Ẹnjiníà ṣiṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ọpọ́n kejì ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ amómigbóná. Dọ́gba wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó ṣí omi, ó dojú kọ irin ìdìmú, ó ń ka iye ìgbà tí òun lè fi ọwọ́ gbé ara òun sókè. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níta, ó ń wò bóyá rọ́bà ń jò. Omi ń wọlé láti apá ẹsẹ̀, bó ṣe ń wọlé nínú ọpọ́n ìwẹ̀ gbogbo. Ó ti bo ọrùn ẹsẹ̀, ó ti ń gun ojúgun, kí obìnrin náà tó gbójú sókè tó rí bí ooru ṣe ń rú.

"Ẹsẹ̀ yín," ó ní.

Dọ́gba wolẹ̀. Awọ ojúgun rẹ̀ ti ń ká bíi bébà. Ó wò ó bí ẹni ń wo táìlì tí abẹ́ rẹ̀ ti wú. "Kò dùn mí," ó sọ.

Ẹnjiníà kò dúró kí omi fà. Ó tú irin tó di ilẹ̀kùn ọpọ́n náà mú, ó fà á ṣí, omi gbígbóná ya lu òun fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó sì ké. Òun ló ké. Dọ́gba ń wò ó, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ohun tó yẹ kí òun ṣe nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Dọ́gba lò ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lọ́jọ́ kìíní, kò jókòó. Nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ báńdéèjì lọ́wọ́, Dọ́gba sì ń sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ẹsẹ̀ tí òun ò mọ̀ lára ni, kò ṣe nǹkan. Ẹ̀gbọ́n dúró títí nọ́ọ̀sì fi jáde.

"Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n lára," ó ní. "Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Mo mọ gbogbo àpá tó wà níbẹ̀."

Dọ́gba bi í pé àpá wo. Ẹ̀gbọ́n ka wọ́n fún un: èyí tí ìṣó dá sí i nígbà tí wọ́n jọ fo ògiri ilé ìwé, èyí tí táìlì fífọ́ gé, àmì dúdú kan lẹ́yìn orúnkún tí ìyá wọn máa ń sọ pé ti bàbá wọn náà wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń bá èèyàn jà. Dọ́gba fetí sílẹ̀. Kò tíì fojú kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa láti ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n fi ọsàn tó rà sílẹ̀ fún un, ó lọ.

Ẹnjiníà fẹ́ pa gbogbo iṣẹ́ náà tì. Dọ́gba ló ránṣẹ́ sí i pé kó mú bébà wá. Orí ìbùsùn ló ti ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ kékeré tó ń po gbígbóná mọ́ tútù ni kó wá, èyí tí kì í jẹ́ kí omi gbóná kọjá ibi tí wọ́n bá fi í sí. Ó sì tún ní kó yọ ẹnu ẹ̀rọ omi kúrò ní ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀. Kó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, kó jẹ́ pé ọwọ́ ni omi yóò kọ́kọ́ bà kó tó dé ibikíbi. "Ẹ jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ ẹni tó wà láàyè kọjá ná," ó ní. Ẹnjiníà sunkún díẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Dọ́gba dúró dè é kó parí, kó lè máa bá ìyókù lọ.

Ọpọ́n kẹta ló dára. Ẹnjiníà ní ti Dọ́gba ni. Wọ́n gbé e wá sílé rẹ̀, wọ́n fọ́ balùwẹ̀ àtijọ́, oníṣẹ́ omi so ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku táìlì, Dọ́gba kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, ó fi ìdí wọ́ nílẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ì bá fi ọjọ́ méjì ṣe láyé ọjọ́un, ọjọ́ mẹ́tàlá ló gbà á. Bó ti parí, ó dán balùwẹ̀ náà wò, ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú ọpọ́n, ó wẹ̀. Òun nìkan. Ó ti rò pé nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀ nínú òun lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n dé, ó fẹ́ gbé omi kaná. Dọ́gba ní òun ti wẹ̀.

"O ti wẹ̀?"

"Láàárọ̀ yìí ni mo wẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Mo fi ọṣẹ sí i."

Ẹ̀gbọ́n wọ balùwẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọpọ́n, ó tì í, ó yìn ín. Ó wá jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì léjìká. Kò rí ìròyìn ṣọ́ọ̀bù kankan sọ. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n títí iná fi lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá, kò pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò wá, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kò pè. Dọ́gba ń kíyè sí i bí ó ṣe ń kíyè sí gbogbo nǹkan, láìmọ̀ bóyá ó dun òun. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ní ọjọ́ Ajé, òun kì í lè jẹun kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé karùn-ún, ó yí táyà lọ sílé ẹ̀gbọ́n, òpópónà méjì sí tirẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá sọ òótọ́. Ó ní ìbàdí ọkọ òun ti há láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún, kò lè bẹ̀rẹ̀, kò lè dúró ti oníbàárà, ó sì kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Dọ́gba gbọ́.

"Dókítà ní ẹrù tó wúwo ni," obìnrin náà sọ. "Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbé yín, ọkọ mi. Ẹ ò sì fúyẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wà lórí ìbùsùn, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí igi tí wọ́n là. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Dọ́gba bèèrè pé báwo ló ṣe ń wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé kì í jẹ́ kí òun wẹ̀ fún un, aṣọ tútù ló fi ń nu ara.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi," Dọ́gba sọ.

Ó kọ̀. Ó ní òun kì í ṣe aláìsàn. Dọ́gba kò bá a jiyàn, ó kàn dúró síbẹ̀. Bó bá di ká jókòó sójú kan, ta ni yóò fi Dọ́gba sílẹ̀? Nígbà tó di bíi wákàtí kan, ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n lọ bá òun pe ọkọ̀.

Ó wọnú ọpọ́n náà fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí Dọ́gba wọlé tẹ̀ lé e, Dọ́gba sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kún. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n bèèrè pé èwo lòun ó tẹ̀. Dọ́gba ní bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ irin ọ̀tún, kó tẹ̀ ẹ́ kó sì máa dúró, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Omi bẹ̀rẹ̀ sí fà. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, ẹni tó wà nínú ọpọ́n kò ní omi lára mọ́, kò ní aṣọ, kò sì lè jáde. Dọ́gba mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Dọ́gba," ẹ̀gbọ́n pè láti inú.

"Bọ̀ọ̀dá."

"Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyí."

Dọ́gba ní kò burú. Nígbà tí omi tán, ó ṣílẹ̀kùn, ó na tówẹ́ẹ̀lì sí i láìwo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sétí àga ọpọ́n náà, ó yí ẹ̀yìn sí i, Dọ́gba sì fi ìpara tí dókítà fún un pa á ní ìbàdí. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta ju bí ó ti rò lọ. Ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tó le, nígbà tó bá a, ẹ̀gbọ́n fa èémí sínú. Dọ́gba mọ ìfà èémí náà lára, láti ọwọ́ títí dé èjìká. Kò pẹ́ tí ohun tó mọ̀ lára náà fi lọ.

Oṣù méjì ni ìbàdí náà gbà kó tó rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, àga gíga kan ló ń jókòó lé gẹ irun báyìí, àwọn oníbàárà sì ń bú u pé ó ti di ọba. Ọjọ́ Ajé, ó ń wá wẹ̀ nínú ọpọ́n náà, lẹ́yìn náà ni Dọ́gba yóò wẹ̀ tirẹ̀. Agbẹ̀bí ra ọ̀kan, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ta mẹ́ta mìíràn fún Ẹnjiníà. Dọ́gba ló ń bá Ẹnjiníà lọ sílé àwọn èèyàn láti wọn ìloro, àga àti bí ọwọ́ ṣe gùn tó. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà, á ronú sí i dáadáa, kó má baà parọ́, á ní òun ò tíì mọ̀. Á sì ní kí wọ́n bá òun di orí téèpù mú.